Aránṣọ àti Rédíò Lórí Òkè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni aránṣọ yìí ti fi ń jókòó sídìí máṣìnnì kan náà. Abẹ́ ilé ìwòsàn ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí páìpù omi gbígbóná ti gba orí àjà kọjá, tí ooru sì máa ń mú bíi pé èèyàn wà nínú ààrò. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n fi í sí, ó ṣe déédéé ilẹ̀ ìta, ohun téèyàn sì lè rí láti ibẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lọ. Bí aránṣọ bá gbójú sókè lórí iṣẹ́, bàtà ló ń rí. Ó mọ bàtà dókítà àgbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí apá kan. Ó mọ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré nítorí pé ara èèyàn wọn ò yá, ó sì mọ ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọ́ bọ̀ nítorí pé ohun tí wọ́n ń sáré sí ti parí. Aṣọ ibùsùn tó bá ya, kọ́tìnnì tó bá já, aṣọ tí àwọn dókítà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ tí okùn rẹ̀ bá tú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lè tó o lò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí méjì sì tún ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí iṣẹ́ ti sọ di ẹni tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, máa ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ọ́mọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ariwo má baà gba ilé kan.

Àìsàn ló gbé e dìde nídìí máṣìnnì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé aṣọ ibùsùn tó ti tún ṣe, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Kò tíì dé ìdajì tí gbogbo ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lójú. Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan bá a, obìnrin tó lé díẹ̀ lógójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn. Nọ́ọ̀sì mú un wọlé, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó jáde, kò sì kà á síta.

"Màmá," ló wí, "oògùn nìkan ò lè ṣe èyí. Ẹ máa ní láti máa rìn."

"Mo ń rìn. Mo ń rìn láti ilé dé ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì."

"Ìyẹn kọ́ là ń pè ní ìrìn, Màmá. Wíwọ bọ́ọ̀sì là ń pe ìyẹn."

Báyìí ni aránṣọ ṣe bọ́ sáàárín àwọn tó ń rìn ní àárọ̀ Sátidé. Mẹ́fà ni wọ́n, tí a bá ka òun náà mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Káfíńtà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, tó jẹ́ pé òun ni olórí wọn. Tọkọtaya kan tó ń ta ìwé wà níbẹ̀, tí wọn kì í fọwọ́ ara wọn sílẹ̀ àfi tí ọ̀nà bá tóóró. Ẹni tó kù ni bàbá kan tó ti lé láàádọ́rin ọdún, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ẹ̀yìn pátápátá ni aránṣọ máa ń wà. Orúnkún rẹ̀ ò fẹ́ ìyára, èémí rẹ̀ sì kúrú. Ibi tó bá sì wà, Rédíò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀. Á sọ ti odò tó gùn jù láyé. Á sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ fún odindi ọdún kan. Á sọ ìdí tí ọbẹ̀ fi máa ń tètè jóná nínú ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aránṣọ kì í dá a lóhùn ju "hẹn-ẹ̀n" lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí bàbá yìí ò lọ bá àwọn tí wọ́n wà níwájú. Ó tiẹ̀ fi ẹjọ́ sun Nọ́ọ̀sì nígbà kan: "Ṣé èmi nìkan ni mo létí nínú gbogbo yín ni?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru aránṣọ wálẹ̀, aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú lọ, ara sì ń tù ú. Nígbà náà ni Káfíńtà mú àbá kan wá pé kí àwọn gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní òkè kan tó mọ̀ láti kékeré. Aránṣọ ní kí wọ́n yọ tòun kúrò. Nígbà tó yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó sì sọ ọ́ fún un, ìyẹn dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Kí ló dé tó o ní o ò lọ?"

"Òkè ni, bàbá ọmọ mi. Kì í ṣe àtẹ̀gùn ilé."

"Mo mọ̀ pé òkè ni. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó yíjú sí oníbàárà tó wà lórí àga. "Àbí irọ́ ni mo pa?" Oníbàárà, tí ọṣẹ bo ẹnu rẹ̀, mi orí díẹ̀díẹ̀ pé kì í ṣe irọ́. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ gbé bàtà tó nípọn kan wálé, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rí págunpàgun. Ọ̀rọ̀ sì parí.

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò nínú bọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ilé tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń wọ̀ sí nísàlẹ̀ òkè. Ilé onígi ni, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló wà nínú yàrá rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tútù àwọn tó ti lọ ṣáájú sì ń rùn níbẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fún olúkúlùkù ní kúbùsù méjì láìjẹ́ pé ẹnì kan bèèrè. Aránṣọ bọ́ sídìí fèrèsé. Òkè náà kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó dúdú bí aró, góńgó orí rẹ̀ nìkan ni oòrùn ṣì ń kàn. Ó dúró síbẹ̀ títí Nọ́ọ̀sì fi wá fọwọ́ kàn án pé oúnjẹ ti tutù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà pín fèrè kékeré fún olúkúlùkù, ó ní kí wọ́n so ó mọ́rùn. "Òfin kan ṣoṣo ló wà," ló wí. "Tí o ò bá rí ẹni tó wà níwájú rẹ mọ́, dúró. Má ṣe wá ọ̀nà. Fun fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó o sinmi, kó o tún fun ún. Àwa la máa wá ẹ."

Wọ́n gòkè. Wọ́n gba àárín igi kọjá, wọ́n gba ibi tí omi ti ń ṣàn lórí òkúta kọjá, nígbà tó sì di bí agogo mọ́kànlá, igi tán, ó ku koríko àti àpáta. Aránṣọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Rédíò ń ṣàlàyé bí yìnyín ṣe ń dì. Nígbà tó ṣe, aránṣọ ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn àpáta kan díẹ̀. Bàbá náà kẹ̀yìn sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbé ohùn sókè kí àlàyé rẹ̀ má baà já.

Ìṣẹ́jú mélòó ni? Kò tó márùn-ún. Nígbà tí aránṣọ máa fi jáde, kùrukùru ti dé. Kò bọ̀ bí òjò ṣe ń bọ̀, tó máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ńṣe ló kàn bo ibẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ta aṣọ ibùsùn funfun lé èèyàn lórí. Kò rí ọ̀nà. Kò rí àwọn tó wà níwájú. Rédíò nìkan ló rí, òjìji rẹ̀ sì ni.

"Ẹ má mikàn, Màmá Aránṣọ," ni bàbá náà wí. "Mo ti fojú sí ọ̀nà kó tó bò ó. Tààrà ni."

"Sà, olórí ní ká dúró."

"Olórí ò mọ̀ pé ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán ilẹ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ kìíní. Ó gbé èkejì. Ẹ̀kẹta ò balẹ̀. Aránṣọ gbọ́ bí òkúta ṣe ń yí, ó gbọ́ "Háà!", lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Rédíò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì bà á lẹ́rù ju kùrukùru lọ.

Kò sáré. Ó jókòó sórí koríko tútù, ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ wá ibi tó le kó tó gbé ara lé e. Kò jìn. Ibi tó ga tó èèyàn méjì ni bàbá náà já bọ́ láti orí rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkúta kan, ojú rẹ̀ fà ro, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mú ní ọrùn ẹsẹ̀.

"Ṣé ó ṣẹ́ ni, sà?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ wò ó."

Kò sí ìgbà tí aránṣọ ń jáde nílé láìmú sísọ́ọ̀sì dání. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó gé e sí ọ̀já mẹ́rin, ó sì fi wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ bàbá náà lórí bàtà, ó ń fà wọ́n le, ó ń gbé wọn kọjá lórí ara wọn, bí ẹni tó ń di iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ tú. Ó ta ẹ̀wù òjò tirẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Ó fun fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó sinmi. Ó tún fun ún. Ohùn fèrè náà dà bíi pé kò lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ń pa dé. Aránṣọ rántí pé Nọ́ọ̀sì ti sọ nígbà kan pé ẹni tí òtútù àti ìrora bá ń mú, èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sùn lọ.

"Sà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

Hẹ̀n, ọ̀rọ̀ wá di ti aránṣọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́lòmíràn. Ó la ẹnu. Ó ní, "Ibi iṣẹ́ mi, bàtà nìkan ni mo máa ń rí." Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ti fèrèsé. Ó sọ ti bàtà dókítà àgbà. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

"Obìnrin kan wà, sà. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Bàtà aláwọ̀ ewé ló ń wọ̀, okùn apá òsì ti já, ó fi òwú dúdú so ó. Àárọ̀, ó ń bọ̀. Ọ̀sán, ó ń lọ. Ìrọ̀lẹ́, ó tún ń bọ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlá. Tí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ẹni tó wá wò ṣì wà láyé. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, mi ò rí i láàárọ̀, mi ò rí i lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí bàtà aláwọ̀ ewé yẹn, ó ń rọra lọ, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú sálúbàtà ilé ìwòsàn. Wọ́n ń lọ sílé. Mo dìde nídìí máṣìnnì, èmi nìkan, mo pàtẹ́wọ́."

Rédíò ti lajú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò dún bí ti ọ̀gá ilé ìwé mọ́.

"Ìyàwó mi kì í lè yára rìn," ló wí. "Àwa méjèèjì la jọ máa ń jáde, èmi ni mo sì máa ń ṣíwájú. Tí mo bá dé iwájú, màá dúró, màá máa wo aago. Bó bá ṣe ń dé báyìí, màá tún ti gbéra. Ó ti kú kó tó yé mi pé èmi nìkan ni mo máa ń sinmi."

Aránṣọ tún fa ẹ̀wù òjò náà bo èjìká bàbá náà.

"Ní Sátidé tí ẹ kọ́kọ́ wá, mo rí i pé ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn. Mo ní níbi tí mo bá wà, ẹnì kan ò tún ní dá gbẹ̀yìn mọ́."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́, sà? Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Mo rí i pé èémí yín ò tó ìrìn àti ọ̀rọ̀ pọ̀. Tí mo bá dákẹ́, ẹ máa rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ sọ nǹkan. Mo wá ń sọ tiyín mọ́ tèmi."

Ìtìjú bo aránṣọ láti orí dé àtàǹpàkò. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "mo ti bú yín nínú ọkàn mi láìmọye ìgbà."

"Mo mọ̀. Ojú yín kì í purọ́." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún lẹ́sẹ̀, ó ké, ó tún rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà bá a rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé fèrè sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, fèrè mìíràn dáhùn láti òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó sún mọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ Káfíńtà ló kọ́kọ́ yọ nínú funfun náà, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yọ.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró," ló wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó wo ọ̀já tí wọ́n fi dì í, ó ní, "Ta ló di èyí? Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un níṣẹ́ lókè dípò abẹ́ ilé." Ó ní kò dà bíi pé ó ṣẹ́, ó kàn rọ́ burúkú ni. Nígbà tí wọ́n ń múra láti gbé e, ìyàwó òǹtàwé sọ fún aránṣọ pé àwọn ti rí òkúta tí wọ́n tò jọ sí góńgó orí òkè, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ọ̀kan nínú wọn tó yíjú wẹ̀yìn tó sì ka àwọn tó wà níbẹ̀. Mẹ́rin ni. Ó ní Káfíńtà fẹ́ bèèrè ohun tí kálukú fẹ́ ṣe, ó sì rí i pé ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń wò, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Káfíńtà àti òǹtàwé ń gba bàbá náà pọ̀n lọ́wọ́ ara wọn, ìyàwó òǹtàwé ru àpò mẹ́ta, Nọ́ọ̀sì ń ti ẹsẹ̀ náà kó má baà máa jì. Odindi wákàtí mẹ́rin ni. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé rí wọn lókèèrè, ó sì ti gbé omi kaná kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹta mọ́, ojú ọ̀run sì dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí kùrukùru, kò tiẹ̀ sí ẹyọ ìkùukùu kan. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń mu tíì, wọn ò sì jẹ́ kí ojú àwọn kan òkè, nítorí Rédíò, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni bàbá náà wí, "ṣé mo ti kú ni? Ẹ dìde, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Èmi máa dúró tì yín, sà," ni aránṣọ wí.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa lọ. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí, mo sì ti rí i lánàá pé ẹ mọ ìtàn sọ. Ẹ̀tàn lẹ ti ń tan gbogbo wa jẹ láti ọjọ́ yìí."

Obìnrin tó ń tọ́jú ilé gbálẹ̀ kọjá láàárín wọn. "Mo wà níbí," ló wí. "Mo sì létí méjì. Ẹ lọ."

Wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, kò sì sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n aránṣọ ò dá gbẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú kan lọ́jọ́ yẹn. Òǹtàwé kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bíi pé okùn bàtà òun tú. Nígbà tí ìyẹn lọ, ìyàwó rẹ̀ dé. Nọ́ọ̀sì dé. Nígbà tó yá, Káfíńtà tó jẹ́ olórí náà dé, ó ní òun fẹ́ wo bí àwọn tó wà níwájú ṣe ń rìn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé góńgó, gbogbo wọn yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n dúró.

"Kí ló dé?" ni aránṣọ bèèrè.

"Màmá, ẹ bọ́ síwájú," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ó bọ́ síwájú. Atẹ́gùn gbá aṣọ mọ́ ọn lára. Kò sí ohun tó ga jù ú lọ mọ́ níbi tí ojú rẹ̀ ká. Àfonífojì, odò tó tínrín bí òwú, òrùlé ilé tí wọ́n ti wá tó rí bíńtín, òkè mìíràn lẹ́yìn òkè, tí àwọ̀ wọn ń ṣí sí i bí wọ́n ṣe ń jìn. Ó jókòó sórí òkúta, ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú. Ó rántí pé orí àtẹ̀gùn ni obìnrin yìí ti bá òun. Ká ní ó gba ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ó rántí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó rántí bàbá tó jókòó sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́.

"Ọlọ́run, o ṣé," ló wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an." Káfíńtà ní kí wọ́n jẹ búrẹ́dì kí atẹ́gùn tó gbé e lọ.

Ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́ra bọ̀ fún Rédíò. Nígbà tí wọ́n dé, ó fa àga kan sún mọ́ ọn, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí igi ti tán. Bàbá náà ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó bọ́ síwájú, ó mi orí, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀," ó sì ní kó tún ibẹ̀ sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹsẹ̀ náà gbà. Ní gbogbo Sátidé tó wà láàárín, iwájú ilé Rédíò ni wọ́n ti ń gbéra, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń parí ìrìn sí. Aránṣọ ló ń dé ṣáájú. Á gbé omi tíì kaná, á jókòó ti bàbá náà, á sọ ohun tó rí láàárín ọ̀sẹ̀, bàbá náà á sì sọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn tó kù á dé bá wọn, àwọn méjèèjì á jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Sátidé keje, Rédíò jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rìn dé òpin òpópónà, wọ́n sì padà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, òjò sì ń fọ́n díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó tó fún ọjọ́ yẹn. Wọ́n wọlé, wọ́n fi ẹ̀wù òjò kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìyàwó òǹtàwé sì bèèrè ẹni tó fẹ́ ṣúgà.